Ìyá Habibath ń Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Bí Mèsíyé Théophile bá fẹ́ kọ́ ènìyàn ní Gẹ̀ẹ́sì, kì í di ọ̀rọ̀ lé e lórí bí ẹrù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò mú, èyí tó kéré, tí gbogbo ayé rò pé àwọn mọ̀, yóò sì máa yí i síwá yí i sẹ́yìn títí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi rí i pé òun kò mọ ìdajì rẹ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní kọlẹ́ẹ̀jì kí ìjọba tó ní kó lọ jókòó sílé, ó sì ti rí àwọn ọmọ tó lè ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì já tí wọn kò lè fi béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tó jókòó tì wọ́n nínú ọkọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ńláńlá dà bí aṣọ ọdún, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan là ń wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni aṣọ ilé, òun ló ń gbà wá lọ́wọ́ òtútù.

Habibath ṣì wà láyé nígbà tí ìyá rẹ̀ wá bá Mèsíyé. Ìyá náà ń ta abọ́ tánganran ní àdúgbò Houinmè ní Porto-Novo, ó sì ti tà á pẹ́ débi pé kò sí ìyàwó ilé kan ládùúgbò tí kò ní ìkòkò tàbí àwo kan tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ a sì máa dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé. Idayatou ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n àtìgbà tó ti bí ọmọ ni orúkọ yẹn ti lọ sùn. Ìyá Habibath ni ọkọ rẹ̀ ń pè é títí ọkọ náà fi kú. Ìyá Habibath ni àbúrò rẹ̀ ń pè é, òun náà ni àwọn oníbàárà ń pè é, títí kan àwọn tí kò fojú kan Habibath rí.

Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó kí wọ́n tó ní kó jókòó, ó ní òun fẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rín pa Mèsíyé. Ìyá náà dúró kó rín in tán, ó wá bi í bóyá ẹ̀rín wà lára ẹ̀kọ́ náà.

Ohun tó gbé e wá kò le. Habibath, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún un nínú àwọn tó bí, wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì ni níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ ọkùnrin kan tí kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Faransé, kò sì gbọ́ Gun. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Imane, ọmọ náà ti lé ní ọdún méje, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n ń pe ara wọn, Habibath á sì jókòó sáàárín, á máa túmọ̀. Ìyá ní òun kò fọkàn tán ìtumọ̀ náà. Ó ní tí òun bá sọ̀rọ̀ gígùn, Habibath á sọ ọ́ ní bíńtín. Tí ọmọ bá sọ bíńtín, Habibath á sọ ọ́ ní gígùn. Ta ló mọ ohun tó ń jábọ́ lójú ọ̀nà? Òun fẹ́ bá ọmọ ọmọ òun sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́kọ́ rún ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu kí ó tó dé etí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí Mèsíyé yàn fún un ni “keep.” Ó ní tó bá lè gba ìyẹn mú, ó ti wọ àárín ilé nìyẹn. Ìyá gbé e sẹ́nu, ó di kíìpù, kíìpù náà ló sì ń jẹ́ láti ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Mèsíyé kọ́ ọ pé tí ènìyàn bá fi ẹja sínú yìnyín kó má bàa rà, kíìpù ni. Ìyá ní ó yé òun, ìpamọ́ ni. Lẹ́yìn náà ó ní tí oníbàárà bá ní kí ẹ mú èyí tó kù nínú owó òun, kíìpù náà ni. Ìyá ní ó dáa, òun fẹ́ràn irú oníbàárà bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wàhálà dé. Mèsíyé ní tí ẹnì kan bá ń pariwo tí ẹ fẹ́ kó dákẹ́, kíìpù. Tí ẹ bá ṣèlérí tí ẹ sì mú un ṣẹ, kíìpù. Ẹni tó ń sin adìyẹ, kíìpù ló ń ṣe fún wọn. Ẹni tó ti rẹ̀ tí kò dúró, tó ṣì ń rìn lọ, kíìpù lòun náà ń ṣe. Ẹni tó dá yín dúró pẹ́ lójú ọ̀nà, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí olè má wọlé, ẹni tí kò jẹ́ kí omi kan ojú ọgbẹ́, gbogbo wọn pátá.

Ìyá fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní: “Mèsíyé, ọ̀rọ̀ yìí kò nílé. Ojúlé tó bá ti ráyè ló ń sùn.”

Inú Mèsíyé dùn sí i, nítorí pé nínú gbogbo ọdún tó fi kọ́ àwọn ọmọ ní kọlẹ́ẹ̀jì, kò sí ẹni tó bá ọ̀rọ̀ kan jiyàn rí. Wọ́n kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ó sọ fún Ìyá pé Faransé ní ọ̀rọ̀ kan tó ń sin kíìpù dé ìdajì ọ̀nà kó tó padà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n pé Yorùbá kò tilẹ̀ bá a jáde nílé. Àwa ní ìpamọ́, a ní ìtọ́jú, a ní ìṣọ́, a ní ọ̀sìn, kálukú pẹ̀lú àpótí ìjókòó tirẹ̀. Ìyá ní ó dà bíi pé ìkòkò kan ṣoṣo ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní, òun ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀, òun ni wọ́n fi ń gbé omi ìwẹ̀. Ó ní òun mọ irú wọn lọ́jà, wọn kì í ra nǹkan.

Ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ. Ọjọ́ Àìkú kan, kí Habibath tó la ẹnu, Ìyá ti fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún Imane pé kó máa wà ní àlàáfíà, kíìpù sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà kígbe bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn. Habibath rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di omi lójú rẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ ni Ìyá fi sọ ìtàn yẹn fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni Habibath kú.

Saïbou ló wá sọ fún Mèsíyé. Àbúrò Ìyá ni, télọ̀ aṣọ ọkùnrin, Akpro-Missérété ló ń gbé, ìyàwó rẹ̀ Afoussath ló sì máa ń wá bá Ìyá ṣe iṣẹ́ ilé ní Houinmè. Ó wọlé, kò jókòó. Ó ní ọmọ Yorùbá kan tó ń bá Habibath ṣiṣẹ́ ló pe òun láti sọ pé orí fífọ́ ló mú ọmọ náà lẹ́nu iṣẹ́. Ìtọ́jú tí òun alára ń ṣe fún àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń ṣe fún un lọ́wọ́ tí ẹ̀mí fi bọ́. Wọ́n ti sin ín síbẹ̀. Àwọn sì ti ṣe àdúrà fìdáù rẹ̀ ní ilé òun ní Akpro-Missérété, kí ariwo má bàa dé Houinmè. Ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́, kò sì gbọdọ̀ gbọ́.

Mèsíyé kò bi í pé kí ló dé, nítorí ọmọ ìlú ni òun náà. Ọmọ kì í kú kí wọ́n sáré lọ sọ ọ́ sí òbí rẹ̀ létí, pàápàá òbí tó ti dàgbà, tí dókítà sì ti kìlọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. A máa ń fi pamọ́ fún un ni. A máa ń ní kí á dúró de ọjọ́ tó dára díẹ̀, ọjọ́ tó dára náà kì í sì í yọjú. Àwọn mìíràn wà ní Porto-Novo yìí tí wọ́n kú láìmọ̀ pé ọmọ wọn ti ṣáájú wọn lọ, tí gbogbo ilé sì ń fi ọdọọdún parọ́ ìkíni ọmọ náà fún wọn. Ìfẹ́ la pè é, bóyá ìfẹ́ náà ni.

Saïbou ní wọ́n ti sọ fún Ìyá pé wọ́n gbé Habibath lọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn, tí ìpè pọ́tábù, ìyẹn fóònù alágbèéká, kì í dé. Àwọn ti pààrọ̀ nọ́ńbà Ìyá, àwọn ní èyí tí ó ń lò ti bàjẹ́. Ohun kan ló kù. Ọkọ Habibath ń pe Saïbou lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ, àfi orúkọ Imane tó ń tún pè. Kí Mèsíyé jọ̀ọ́ bá àwọn sọ fún un pé kó má pè mọ́, títí àwọn yóò fi pè é.

Mèsíyé pè é níwájú Saïbou. Ó kí i kú àjálù, ó sì ṣàlàyé. Ọkùnrin náà bi í pé títí di ìgbà wo. Mèsíyé túmọ̀ rẹ̀. Saïbou wo ilẹ̀, ó ní kó fún àwọn láyè díẹ̀. Bí ọkùnrin náà ti ń ronú sí i, Mèsíyé gbọ́ ohùn ọmọ kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń béèrè bóyá Màmá Àgbà ni. Kò túmọ̀ ìyẹn fún Saïbou. Ó dá pọ́tábù padà fún un, ó sì ṣèlérí pé òun yóò máa kọ́ Ìyá nìṣó bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e, Mèsíyé tètè ṣí ìwé ẹ̀kọ́. Ó ń dúró de ìgbà tí Ìyá yóò bi í nípa Habibath, ó sì ti to irọ́ tó máa pa sílẹ̀ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ìyá kò bi í. Ní ọ̀sẹ̀ kejì náà, kò bi í. Mèsíyé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó yẹ kí ó ti fura nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá fún ìbéèrè kì í wádìí ìdí tí wọn kò fi bi í.

Ohun tí Ìyá ń fẹ́ kọ́ wá yí padà. Kò sọ̀rọ̀ ọjà mọ́, kò sì bá kíìpù jà mọ́. Ó ń béèrè báwo ni wọ́n ṣe ń sọ fún ọmọ pé kó jẹun bí oúnjẹ kò tilẹ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé òkùnkùn kì í jẹ ènìyàn. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé kó jẹ́ kí bàbá rẹ̀ bá a dirun, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n dì. Mèsíyé ń kọ́ ọ, Ìyá ń tún un sọ, ohùn tí wọ́n ń gbọ́ láti òpin àdúgbò tẹ́lẹ̀ sì wá kéré débi pé Mèsíyé ní láti tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́ ọ. Ó ti rù, aṣọ ìró tó ń yí i po lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀ ti ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Mèsíyé rí i, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọjọ́ orí ni.

Lọ́sàn-án Àìkú kan tí òjò ṣú tí kò rọ̀, Ìyá dé láìjẹ́ ọjọ́ ẹ̀kọ́. Kò jókòó. Ó di ẹ̀yìn àga mú.

“Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ìyá rẹ kú, ṣùgbọ́n èmi wà?”

Mèsíyé dìde. Ó tún jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi, kò sì lè parí rẹ̀. Ó wá bi í pé ta ló sọ fún un.

“Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Gbogbo yín lẹ sọ fún mi. Kí ni orúkọ mi?”

“Ìyá Àgbà…”

“Ṣé bí o ṣe ń pè mí tẹ́lẹ̀ nìyẹn?”

Láti ọjọ́ tó ti ń wá kẹ́kọ̀ọ́, ẹ ni ó ń fi bá a sọ̀rọ̀, nítorí pé olùkọ́ ni. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pè é ní ìwọ. Mèsíyé la ẹnu, ó wá ọjọ́ tí òun pè é ní Ìyá Habibath kẹ́yìn, kò rí i. Kò mọ̀ pé òun ti yí i padà. Ó ti ń pè é ní Ìyá Àgbà láti ọjọ́ tí Saïbou ti wá, nítorí pé orúkọ ọmọ náà kò fẹ́ gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá.

Ìyá sọ bó ṣe rí fún un. Ó ní Saïbou ló kọ́kọ́ dé ìsọ̀ òun láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó kí òun ní Àlàájà. Saïbou, tí kò pe òun bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti Mẹ́kà dé! Òun rò pé ó fẹ́ tọrọ nǹkan ni. Afoussath wọlé, ó ní Ìyá wa. Àwọn tí wọ́n jọ ń ta ọjà dojúkọ ara wọn láti ìgbà èwe, àwọn náà ní Àlàájà. Títí di ọjọ́ tí oníbàárà kan dé láti Sèmè-Kpodji, tí kò mọ nǹkan kan, tó sì pariwo Ìyá Habibath bó ṣe máa ń ṣe. Afoussath fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ìsọ̀ kíá. Nígbà tí obìnrin náà padà, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní: Àlàájà, ẹ kú ọjà o.

“Gbogbo àdúgbò kò lè jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n jọ gbàgbé orúkọ ẹnì kan. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mi ò ní ọmọ mọ́. Mo ta abọ́ tó wá rà fún un. Mo wé e fún un.”

Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n máa ń wí. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ṣọ́ ojú wọn, wọ́n ti ṣọ́ ẹkún wọn, wọ́n ti gbé fìdáù lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n bẹ̀rù orúkọ òkú débi pé wọ́n gbàgbé orí ẹni tí orúkọ náà wà. Mèsíyé fi ọwọ́ bojú. Ojú tì í, ó sì tún ń dùn ún, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ó bi í ìdí tí kò fi sọ fún Saïbou pé òun ti mọ̀.

“Kí n sọ fún un kí wọ́n kún ilé mi? Wọ́n á ní kí n má sunkún nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n á ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Agbè tèmi ló fọ́, Mèsíyé. Omi ló kù nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bù ú.” Ó tún ẹ̀yìn àga dì mú. “Saïbou fẹ́ràn ọmọ yẹn. Tí kò bá rí mi ṣọ́, kí ni yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe? Mo fi í sílẹ̀ kó máa ṣọ́ mi. Ṣùgbọ́n Imane ń kọ́? Ìyá rẹ̀ kú, ìyá àgbà rẹ̀ náà sì dákẹ́. Kí lo rò pé ọmọ náà ń rò? Ó ń rò pé mi ò fẹ́ ẹ mọ́ ni, tàbí pé èmi náà ti kú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, orí ọmọ ń wọ́, ẹ sì dè mí mọ́ ìsọ̀.”

Ó ní kí Mèsíyé pe ọkùnrin náà. Mèsíyé ní òun kò ní nọ́ńbà rẹ̀. Ìyá wò ó.

“Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ mo mọ ẹni tí Saïbou á lọ bá tó bá ń wá ẹni tó gbọ́ ọ.”

Nọ́ńbà náà wà nínú pọ́tábù rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọjọ́ tó bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ ló ti lọ gbà á lọ́wọ́ Saïbou, nítorí ohùn ọmọ tó gbọ́, kò sì tíì ní ìgboyà láti pè é. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ṣòro láti mọ̀. Ó ti fún Saïbou ní ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ìyá yìí bá gbọ́ ohùn ọmọ náà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru sókè, tó ṣubú, ta ni wọn yóò bi? Wọn yóò ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló pa á. Òun náà yóò sì gbà pé òun ni. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà lẹ́yìn àga, bí egungun rẹ̀ ti yọ, ó sì rí i pé àwọn ti ń pa á tẹ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìkẹ́.

Ó ní òun yóò pè é, ṣùgbọ́n ilé Ìyá ni àwọn yóò ti pè, níbi tí Afoussath wà, kí ọwọ́ ènìyàn lè wà nítòsí. Ìyá ní bẹ́ẹ̀ náà ni.

Wọ́n bá Afoussath lágbàlá, ó ń fọ aṣọ nínú bàsíà. Ó kí Mèsíyé, ó ní àṣé ẹ̀kọ́ wà lónìí. Wọ́n wọ yàrá, wọn kò ti ilẹ̀kùn. Mèsíyé ní kí Ìyá lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ná, ó dúró tì í títí ó fi gbé e mì. Wọ́n jọ to gbólóhùn tí Ìyá máa sọ. Kò gùn. Pé òun ni Màmá Àgbà, pé òun ti gbọ́, pé òun wà láàyè, pé òun yóò máa pa á mọ́ sínú ọkàn òun. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ní kíìpù ni kí wọ́n fi síbẹ̀. Ó ní òun kò tíì lo ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ ó dà bíi pé ibẹ̀ ni ilé rẹ̀.

Ọkọ Habibath gbé e. Nígbà tí Mèsíyé sọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ òun àti ohun tó ti mọ̀, ọkùnrin náà kò bínú, kò béèrè ohun tó dé. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n dúró. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, mímí ọmọ ni wọ́n ń gbọ́.

Mèsíyé fi ohùn pọ́tábù sókè, ó gbé e lé Ìyá lọ́wọ́. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Ó sọ gbólóhùn náà bí wọ́n ṣe tò ó, ó sọ ọ́ láìṣìnà, títí dé òpin. Kò sí ìdáhùn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, Gẹ̀ẹ́sì sì dà nù lẹ́nu rẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ó wo Mèsíyé bí ẹni tó ń rì.

Ọmọ náà wá sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún sọ. Mèsíyé túmọ̀ rẹ̀, kò sì fi nǹkan kan kún un, kò yọ nǹkan kan.

“Ó ní màmá òun máa ń fi bí ẹ ṣe ń pè é láti àgbàlá han òun. Ó ní inú ilé ìdáná ni wọ́n ti ń ṣe é. Màmá òun á fi ohùn yín pe orúkọ ara rẹ̀, òun Imane á sì jẹ́ ẹ, bí màmá òun ṣe máa ń jẹ́ ẹ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní kò sí ẹni tó ń pè é mọ́. Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ pè é.”

Ìyá yí ojú sí ẹnu ọ̀nà. Lágbàlá, ìró aṣọ tí Afoussath ń fọ̀ ṣì ń dún. Láti ọjọ́ fìdáù, kò sí ẹni tó tíì dárúkọ yẹn nínú ilé náà. Ìyá na ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbé ohùn rẹ̀ láti ibi tó ti fi í pamọ́ sí, ohùn tí gbogbo Houinmè mọ̀.

“Habibath o! Habibath!”

Ìró aṣọ dáwọ́ dúró. Nǹkan kan ṣubú sínú omi.

Láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ náà jẹ́ ẹ. Yorùbá ló fi jẹ́ ẹ, Yorùbá kan ṣoṣo tó mọ̀, ó sì dún lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ọmọ tí wọ́n bí sí Houinmè.

“Ìyá, mo ń bọ̀ o.”

Ẹkún tí Ìyá kò tíì sun láti ọjọ́ tó wé abọ́ fún oníbàárà rẹ̀ bú jáde. Ó la ẹnu sun ún, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì jẹ́ kí pọ́tábù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Afoussath ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó wo Mèsíyé, ó wo Ìyá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì sọ fún un pé kó dákẹ́. Ọmọ náà ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ rẹ ìyá àgbà rẹ̀ lẹ́kún, kò sì ní Yorùbá mìíràn tó lè fi rẹ̀ ẹ́, ó kàn ń tún un sọ ni, mo ń bọ̀, Ìyá, mo ń bọ̀.